Omi ayé: níbo ló ti wá, báwo ló sì ṣe dúró?

#1 Àkànní Olókùúta

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn níbí pé ìràwọ̀ onírù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní comet, ló gbé omi wá sáyé, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo ní kí n gbé e wá síta lọ́tọ̀, torí pé kò tíì parí rárá, àti pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ìwé ti yí padà gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ayé wa dá sílẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn, láti inú eruku àti òkúta tó ń yí oòrùn ká. Ibi tí ayé wà yìí gbóná nígbà náà ju kí omi dì níbẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn Máàsì, lọ́nà Júpítà, ni omi ti lè di yìnyín kó sì lẹ̀ mọ́ eruku. Bó bá jẹ́ kìkì eruku àdúgbò wa ni wọ́n fi mọ ayé, ó yẹ kí ayé gbẹ táútáú ni. Síbẹ̀, òkun bo ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ayé.

Ẹ má sì jẹ́ kí bí òkun ṣe fẹ̀ tàn yín jẹ. Ní ìpíndọ́gba, jíjìn rẹ̀ kò pé kìlómítà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ju kìlómítà 12,700 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Bí a bá pín òkun sára gbogbo ìwúwo ayé, omi tó máa kan tọ́ọ̀nù kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 230 lọ. Omi díẹ̀ ni a ń wá orísun rẹ̀.

Ohun kejì ni àkókò. Ní Jack Hills, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, wọ́n rí àwọn hóró òkúta tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ zircon. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti tó bílíọ̀nù 4.4 ọdún. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé ọ́síjìn inú wọn ní àmì pé òkúta tí wọ́n ti wá ti fara kan omi ṣíṣàn rí. Ìyẹn ni pé ayé kò tíì pé igba mílíọ̀nù ọdún tí omi ti wà lójú ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bí omi ṣe dé gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe tètè dé.

#2 Lákúnlé_Awòràwọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, èmi ni mo kọ ọ́, mo sì dúró tì í. Yìnyín àti eruku ni ìràwọ̀ onírù. Ibi tí òtútù pọ̀ sí ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí omi ti ń dì. Bí wọ́n bá ń rọ́ lu ayé léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, omi á kún. Ní 2011, awò ojú ọ̀run Herschel ti ilẹ̀ Yúróòpù yẹ omi ara ìràwọ̀ onírù kan tó ń jẹ́ Hartley 2 wò, ó sì bá omi òkun wa mu. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

#3 Ìyá Dámi

Lákúnlé ọmọ mi, ẹ rọra. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 n'Íbàdàn, wọ́n sì ti bi mí ní ìbéèrè yìí rí. "Ó bá omi òkun wa mu" lọ́nà wo? Ṣé gbogbo omi kọ́ ló rí bákan náà ni? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

#4 Àkànní Olókùúta

Ẹ ṣé mà, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ìyókù dúró lé lórí nìyẹn.

Háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló para pọ̀ di omi. Ṣùgbọ́n háídírójìn kan wà tó wúwo ní ìlọ́po méjì èyí tó wọ́pọ̀. Deuterium ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú omi tí ẹ mu láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá ka mílíọ̀nù kan háídírójìn nínú omi òkun, nǹkan bíi 156 nínú wọn ló máa jẹ́ èyí tó wúwo. Lójú ọ̀run, iye yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, torí pé bí òtútù ibi tí omi kan ti dá sílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tó wúwo ṣe ń pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Ilà ojú ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó kọ àbàjà, ẹ kò ní bi í kí ẹ tó mọ apá ibi tó ti wá. Omi náà kọ ilà, ó sì ń gbé ilà náà kiri fún bílíọ̀nù ọdún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ojú àwọn àlejò wa, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ onírù. Ní 1986, ọkọ̀ òfuurufú Giotto kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Halley: iye deuterium inú omi rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì tiwa. Hyakutake àti Hale-Bopp tó yọ ní àwọn ọdún 1990, ìlọ́po méjì náà ni. Hartley 2 tí Lákúnlé dárúkọ jẹ́ 161, òótọ́ ni pé ó sún mọ́ tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2014, ọkọ̀ Rosetta dé ọ̀dọ̀ 67P, ó sì ka nǹkan bíi 530, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta tiwa lọ. Nínú agbo tí ilà wọn yàtọ̀ síra báyìí, a kò lè mú ẹyọ kan tó jọ wá ká fi ṣe ẹ̀rí pé gbogbo agbo náà ni orírun wa.

#5 Moyọ̀_Bristol

Òkúta ni kí ẹ wò o! Ní alẹ́ 28 oṣù kejì ọdún 2021, iná ńlá kan la ojú ọ̀run kọjá lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta dúdú kan sì já síwájú ilé kan ní Winchcombe, ìlú kékeré kan ní Gloucestershire, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọ́n fi kó o nílẹ̀, òjò kò tíì pa á, nítorí náà omi ayé kò tíì dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ilà tí ẹ̀gbọ́n Àkànní ń sọ yẹn sún mọ́ ti òkun wa.

Mo lọ wò ó ní Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Dúdú ni, gbígbẹ ni, ẹ kò ní rò pé ẹ̀kán omi kan wà nínú rẹ̀. Mo pẹ́ níwájú rẹ̀ títí àwọn ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ. Òkúta yẹn dàgbà ju ayé lọ.

#6 Àkànní Olókùúta

Moyọ̀, ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí mò ń darí rẹ̀ lọ.

Omi inú òkúta Winchcombe kò ṣàn, ó ti wọ inú òkúta lọ, ó di ara rẹ̀, bí ó ṣe wà nínú amọ̀ tó ti gbẹ. Irú òkúta yẹn ti ara àwọn àpáta tó ń fò lójú òfuurufú láàárín Máàsì àti Júpítà wá. Ènìyàn sì ti rán ọkọ̀ lọ bá wọn nílé. Àwọn ará Jàpáánì lọ sí Ryugu pẹ̀lú Hayabusa2, wọ́n mú nǹkan bíi gíráàmù 5.4 bọ̀ ní òpin 2020. Ọkọ̀ OSIRIS-REx ti Amẹ́ríkà lọ sí Bennu, ó sì já àpótí rẹ̀ sí aṣálẹ̀ Utah ní 24 oṣù kẹsàn-án 2023; gíráàmù 121.6 ló wà nínú rẹ̀. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, amọ̀ tí kò lè wà láìjẹ́ pé omi ti bá òkúta náà gbé rí.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú àpáta báyìí ló gbé omi wá, nígbà tí agbára Júpítà tú wọn ká, tí ó sì ta àwọn kan sí apá ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó wú mi lórí jù lọ kò tíì kan. Ní 2020, Laurette Piani àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Nancy, nílẹ̀ Faransé, yẹ irú òkúta mìíràn wò, èyí tí wọ́n ń pè ní enstatite chondrite. Àdúgbò oòrùn níhìn-ín ni òkúta yìí ti wá, àkópọ̀ rẹ̀ ló sì jọ ti ayé jù lọ. Gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé gbígbẹ ni. Wọ́n rí háídírójìn nínú rẹ̀, tó pọ̀ débi pé bó bá jẹ́ irú òkúta yẹn ni wọ́n fi mọ ayé, háídírójìn náà tó láti ṣe omi tó ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo òkun lọ. Ilà rẹ̀ náà kò jìnnà sí tiwa. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí omi má wá láti ibì kankan, kó jẹ́ inú òkúta tí ayé fi di ayé ló ti wà. Ooru ìgbà ìwáṣẹ̀ wá yọ́ òkúta, ẹnu òkè ayọnáyèéfín sì tú oru rẹ̀ jáde. Nígbà tí ojú ọ̀run tutù, ó di òjò.

Èyí ni mo gbà jù. Púpọ̀ nínú omi wa bá ayé dàgbà ni, àwọn àpáta láti òkè wá fi kún un.

#7 Lákúnlé_Awòràwọ̀

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti yára sin ìràwọ̀ onírù. Ní oṣù kọkànlá 2024, Kathleen Mandt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbogbo ohun tí Rosetta kà lára 67P yẹ̀ wò. Wọ́n ní eruku tó ń fò yí i ká ló jẹ́ kí iye náà ga, torí pé omi tó ní deuterium a máa lẹ̀ mọ́ eruku ju omi lásán lọ. Nígbà tí wọ́n mú èyí tí Rosetta kà jìnnà sí i, níbi tí eruku ti gbẹ, iye náà wálẹ̀ gan-an, ó sì sún mọ́ tiwa. Wirtanen náà, ìràwọ̀ onírù mìíràn tí wọ́n wò láti inú SOFIA, bàálù tó gbé awò ojú ọ̀run, bá tiwa mu. Agbo yẹn lè má yàtọ̀ síra tó bí ẹ ṣe wí.

#8 Àkànní Olókùúta

Iṣẹ́ Mandt lágbára, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn tí 2014 tì. Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ilà kan ṣoṣo nígbà náà, torí ìdílé méjì lè kọ ilà kan náà láìjẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ̀rí mìíràn wà níbẹ̀: xenon.

Xenon jẹ́ afẹ́fẹ́ kan tí kì í bá nǹkan mìíràn dà pọ̀, nítorí náà àmì rẹ̀ kì í sọnù. Rosetta wọn xenon 67P, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún xenon tó wà lójú sánmà wa ló wá láti ara ìràwọ̀ onírù. Wọ́n dé nígbà náà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n xenon tí ìràwọ̀ onírù kan ń gbé pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìṣirò bá a lọ, ìwọ̀nba ìràwọ̀ onírù tó lè kó ìdá 22 yẹn wá kò lè kó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi òkun. Ipa wọn nínú xenon wa pọ̀ ju ipa wọn nínú omi wa lọ. Ibi tí mo ti ń kọ̀ fún yín nìyẹn.

#9 Lákúnlé_Awòràwọ̀

Èyí ta mí lẹ́nu díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ ka ti xenon dáadáa.

#10 Gbẹ́kànga Èkìtì

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Bóhóòlù ni èmi ń gbẹ́, Èkìtì àti Ondó ni iṣẹ́ mi pọ̀ sí. Orí àpáta ni àwa wà. Kò sí omi nínú àpáta tó le. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta la ti ń bá a, àti nínú ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Ní Èkó, yanrìn ló gbé omi dání, ìyẹn tún yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá ti gbẹ́ kọjá ibi tó sán, owó oníbàárà lẹ ń fi ṣòfò.

Oníbàárà kan wá sọ fún mi pé òun kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òkun kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó tóbi ju ti òkè yìí lọ, pé kí n má dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkúta, ṣé òótọ́ ni?

#11 Àkànní Olókùúta

Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ oníbàárà yín ni dáyámọ́ǹdì kékeré kan láti Juína ní Bràsíl. Ní 2014, Graham Pearson ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé hóró òkúta kan wà nínú dáyámọ́ǹdì náà, ringwoodite lorúkọ rẹ̀. Àárín kìlómítà 410 sí 660 nísàlẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni irú òkúta yẹn ti ń dá sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n hóró náà jẹ́ omi. Bí gbogbo ìpele yẹn bá rí bẹ́ẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ lè tó ti gbogbo òkun.

Ṣùgbọ́n omi tó ti di ara òkúta ni, irú ti Winchcombe. Kò ṣàn, pọ́ǹpù kankan kò lè fà á. Ihò tó jìn jù lọ tí ènìyàn gbẹ́ ní Kola, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, kìlómítà 12 àti díẹ̀ ni ó dé. Ibi tó sán ni kí ẹ dúró sí, ọ̀gá.

#12 Gbẹ́kànga Èkìtì

Màá fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà. Ẹ ṣeun.

#13 Àlàbá_Ifẹ̀

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi ló ṣáájú. Ní Ifẹ̀, omi ni gbogbo ilé ayé kí wọ́n tó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sójú omi, kí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tàn án. Jẹ́nẹ́sísì ní Ẹ̀mí Ọlọ́run ń rábàbà lójú omi. Kùránì, nínú Súúrà Àńbíyá, ní láti inú omi ni a ti ṣe gbogbo ohun alààyè. Ẹ má yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

#14 Àkànní Olókùúta

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, mi ò yọ ọ́. Iṣẹ́ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní 2020, Benjamin Johnson àti Boswell Wing tẹ ìwádìí kan jáde lórí àdúgbò kan tó ń jẹ́ Panorama ní Ọsirélíà. Ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ òkun ní bílíọ̀nù 3.2 ọdún sẹ́yìn. Ó ti wá di ilẹ̀ gbígbẹ báyìí. Wọ́n wo irú ọ́síjìn tí òkun ìgbà náà fi sílẹ̀ sínú òkúta. Ọ́síjìn tó wúwo pọ̀ nínú òkun yẹn ju ti òní lọ. Ilẹ̀ ńlá ló máa ń fa irú ọ́síjìn yẹn mọ́ra nígbà tí òjò bá ń jẹ òkúta rẹ̀ di amọ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ńlá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sí nígbà náà, kó jẹ́ omi ló bo púpọ̀, tí erékùṣù kéékèèké yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Ó jọ ìtàn Ifẹ̀, àbí? Síbẹ̀, èmi kò ní sọ pé ìtàn Ifẹ̀ jẹ́ ìwádìí nípa òkúta, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní fi òkúta Ọsirélíà ti ìtàn náà lẹ́yìn kó tó níyì. Ìtàn náà ń sọ ẹni tí a jẹ́ àti ibi tí oyè ti ṣẹ̀. Òkúta ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkúta.

#15 Àlàbá_Ifẹ̀

Mo gba bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá a lọ.

#16 Moyọ̀_Bristol

Mo ní ìbéèrè kan. Bó bá jẹ́ òkúta kan náà ni wọ́n fi mọ àwọn ará ilé wa lójú ọ̀run, Máàsì àti Àgùàlà, kí ló dé tí àwọn kò ní òkun?

#17 Àkànní Olókùúta

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bí omi ṣe dé kò yà mí lẹ́nu mọ́. Bó ṣe dúró ló ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àgùàlà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá. Kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ayé. Lónìí, ojú ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 465 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Háídírójìn tó wúwo tó kù nínú ìwọ̀nba omi tó wà lójú sánmà rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 100. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé omi wà níbẹ̀ rí, tó pọ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ fíìfíì. Omi náà di oru, oru gòkè, ìtànṣán oòrùn fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Háídírójìn tó fúyẹ́ sá lọ sínú òfuurufú, èyí tó wúwo kù sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ilà yẹn ṣe ń ga sí i.

Ti Máàsì, ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé wa ní Nàìjíríà. Ní 3 oṣù kẹwàá 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní apá Katsina, ni òkúta kan bá já lulẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí i. Kìlógíráàmù 18 ni. Ara Máàsì ló ti ṣẹ́ wá. Nígbà tí wọ́n wọn háídírójìn inú rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, èyí tó wúwo nínú wọn dé ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti ayé. Máàsì kéré, kò lè di afẹ́fẹ́ rẹ̀ mú dáadáa. Omi rẹ̀ kan sá lọ, omi rẹ̀ mìíràn dì mọ́ ilẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́ orúkọ Zagami rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo onímọ̀ Máàsì lágbàáyé ló mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá gba tiwa là? Òtútù òkè ni. Lórí ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, tí ẹ bá gòkè tó nǹkan bíi kìlómítà 17, òtútù ibẹ̀ máa ń tó 80 nísàlẹ̀ òdo. Oru tó bá gòkè débẹ̀ á dì, á sì rọ̀ wálẹ̀. Díẹ̀ kíún ló ń kọjá lọ síbi tí ìtànṣán ti lè fọ́ ọ. Háídírójìn tí ayé ń pàdánù sínú òfuurufú lónìí kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀ fún bílíọ̀nù ọdún kan, omi tó máa bá a lọ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òkun.

Omi fúnra rẹ̀ náà sì ń ṣọ́ ilé. Òjò ń fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide wálẹ̀, ó ń fi í jẹ òkúta, odò ń gbé e lọ sínú òkun, ó ń di òkúta ẹfun nísàlẹ̀. Bí ayé bá gbóná, iṣẹ́ yìí á yára, afẹ́fẹ́ náà á dín kù, ayé á tutù. Bí ó bá tutù jù, iṣẹ́ náà á falẹ̀, òkè ayọnáyèéfín á tún tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Níbi tí kò bá ti sí omi, kò sí ohun tó máa ṣe èyí. Ohun tí Àgùàlà pàdánù nìyẹn.

#18 Ìyá Dámi

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, Ọlọ́run á fún yín ní okun. Màá kọ́ wọn ní ti Zagami. Ó ku apá ìyè. Ìwé wa kàn sọ pé "omi ṣe pàtàkì fún ìyè", ó sì fò ó kọjá. Kí ló dé tó fi jẹ́ omi? Ta ló lè sọ ọ́?

#19 Ṣadé_Láàbù

Ẹ káalẹ́ mà. Kẹ́mísírì inú ohun alààyè ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ẹyọ omi kan kò tọ́, ó tẹ̀. Apá kan rẹ̀ ní agbára iná díẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti apá kejì, nítorí náà wọ́n máa ń di ara wọn mú. Bí wọn kò bá di ara wọn mú ni, omi ì bá ti máa hó ní nǹkan bíi 80 nísàlẹ̀ òdo, kì bá tí sí ẹ̀kán rẹ̀ kan tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ ayé. Agbára yìí náà ló ń jẹ́ kó tú iyọ̀, ṣúgà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ká, kí wọ́n lè pàdé ara wọn. Epo kò lè wọ inú rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì bákan náà: awọ tó yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ká jẹ́ irú ọ̀rá kan tó ń sá fún omi, tó sì fi bẹ́ẹ̀ tò ara rẹ̀ di ògiri. Omi ló tì í di ilé.

Ní 1977, ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Galápagos, ní nǹkan bíi mítà 2,500, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé. Omi gbígbóná ń tú jáde láti inú òkúta, àwọn ohun alààyè sì kún ibẹ̀ bámúbámú, tí wọ́n ń jẹun láti ara kẹ́míkà inú òkúta. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ibẹ̀ ni ìyè ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ. Omi a máa tú nǹkan palẹ̀ pẹ̀lú. Láti so èròjà pọ̀ di okùn gígùn bíi RNA tàbí protein, irú èyí tó wà nínú gbogbo ohun alààyè, omi ni ẹ gbọ́dọ̀ yọ kúrò níbi tí wọ́n ti so. Bí omi bá pọ̀ jù, yóò tún já a. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn, èmi náà wà nínú wọn, fi rò pé adágún kékeré tó ń kún tó sì ń gbẹ ló bá iṣẹ́ náà mu ju agbami òkun lọ. Bó bá gbẹ, èròjà á so pọ̀. Bí òjò bá rọ̀, á rìn, á pàdé òmíràn.

Bennu ló tún mú ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, wọ́n kéde pé onírúurú iyọ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń kù nígbà tí omi oníyọ̀ bá gbẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí 14 nínú 20 amino acid, èròjà tí ara wa fi ń ṣe protein, àti gbogbo márààrún èròjà tí wọ́n fi ń kọ DNA àti RNA. Kò sí ìyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti wà níbẹ̀, ó sì ti gbẹ, ó sì fi èròjà wọ̀nyẹn sílẹ̀.

#20 Lákúnlé_Awòràwọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti ka ti xenon, ẹ̀gbọ́n Àkànní. Iye yẹn dúró, mo gbà pé ìràwọ̀ onírù kò lè dá kó òkun wá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ní 2014, Ilse Cleeves àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé apá kan nínú omi ìdílé oòrùn wa, kódà tó lè tó ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún omi òkun, ti di yìnyín kí oòrùn tó tàn. Háídírójìn tó wúwo inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí àyíká oòrùn nìkan lè ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, ó dàgbà ju oòrùn lọ.

Ìbéèrè mi tó kù: ṣé omi yìí máa tán lọ́jọ́ kan?

#21 Àkànní Olókùúta

Oòrùn ló máa pinnu rẹ̀. Ó ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní bílíọ̀nù ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún kan sí i, ooru á pọ̀ débi pé òtútù òkè yẹn kò ní lè dá oru dúró mọ́, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ti Àgùàlà ṣe lọ. Kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀ lónìí. Èyí tó kàn wá ni pé kìkì nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún omi ayé ni kò ní iyọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti dì sí apá àríwá àti gúúsù ayé. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí kò ní iyọ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gbẹ́kànga.

#22 Gbẹ́kànga Èkìtì

Òun náà sì ń dín kù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òjò ọdún náà ló ń kún ibi tó sán. Ọdún tí òjò bá kéré, kànga á kọ́kọ́ gbẹ, bóhóòlù tí kò jìn á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí sí ibi tí omi ń gbà wọlẹ̀, inú omi àdúgbò rẹ̀ ló dà á sí.

#23 Ìyá Dámi

Ẹ ṣé gbogbo yín. Ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe lójú àwọn ọmọ ní kíláàsì, láìsí láàbù? Iná kì í dúró ní ilé ìwé wa.

#24 Ṣadé_Láàbù

Ó wà mà. Ẹ ra òrí ní ọjà, ẹ yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife tó mọ́ gaara. Ẹ tẹ ẹ̀là òrí kan dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá jù ú sínú èyí tó yọ́: yóò rì lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ju yìnyín sínú ife omi, yóò léfòó. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń ṣe bí òrí, tí èyí tó dì máa ń wúwo ju èyí tó yọ́ lọ. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó wúwo jù nígbà tó bá wà ní ìwọ̀n mẹ́rin lórí òdo. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí ẹja nínú adágún ilẹ̀ olótùútù bí yìnyín bá ń rì, kí ẹ fún wọn láyè kí wọ́n fúnra wọn ronú débẹ̀. Yìnyín tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó, ẹ ko ó sínú kúlà kó lè dúró di àkókò kíláàsì.